Ajá tí ara ẹ̀ ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀: bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀ tí ò fi ní wó padà

Ibi tí ọ̀pọ̀ alájá ti ń ṣì í rèé. Ajá á dùbúlẹ̀, ò ní jẹun, ojú ẹ̀ á pọ́n bíi tẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ìtọ̀ ẹ̀ á dúdú, wọ́n á sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, dókítà á fún un lóògùn, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún ajá ti dìde, ó ti ń jẹun, ó ti ń jurù, bí wọ́n ṣe máa dá oògùn dúró nìyẹn. Kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lọ tí ajá á tún fi wó, ìwó ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló sì máa ń gbé wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Iléṣà, ọjọ́ kẹsàn-án ló dá oògùn ajá tiẹ̀ dúró, ó ní ara ẹ̀ ti yá, kí lòun tún ń náwó fún. Ajá yẹn ò rí ìparí oṣù.

Ajá tèmi, Tanímọ̀la, àdàpọ̀ Alsatian àti ajá míì tó ń ṣọ́ ilé wa ní Parakin n'Ífẹ̀ níbí, oṣù mẹ́jọ la fi tọ́jú ẹ̀, ó sì yè é. Ohun tí dókítà wa kọ́ mi àti ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo kọ síbí. Ẹ má fi ṣe dókítà fúnra yín o, ẹ fi bá dókítà yín ṣiṣẹ́ ni.

Kí ló ń ṣe ajá náà gan-an? Àwọn sójà inú ara ẹ̀, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àìsàn jà, ló kọjú ìjà sí ẹ̀jẹ̀ pupa ajá náà fúnra ẹ̀, wọ́n ń fọ́ ọ yára ju bí mùdùnmúdùn egungun ṣe lè pèsè òmíì lọ. Nígbà míì ó kàn máa ń bẹ̀rẹ̀ ni, kò sídìí tí èèyàn máa rí. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àìsàn tí eégbọn kó sí ajá lára ló tọ́ àwọn sójà yẹn níjà. Nínú ilẹ̀ tiwa tí eégbọn pọ̀ tó yìí, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn lẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fura sí.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Dókítà ẹranko tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí PCV (ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀), tàbí tó ní láàbù tó ń gbé e lọ tí èsì ẹ̀ ń jáde lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wá a kí ajá yín tó ṣàìsàn, torí àwọn míì abẹ́rẹ́ kòkòrò inú àti ti dìgbòlugi nìkan ni wọ́n ń gún.

Ìwọ̀n ajá yín ní kíló. Ẹ gbé ajá, kẹ́ ẹ gun òṣùwọ̀n, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún gun òṣùwọ̀n ẹ̀yin nìkan, kẹ́ ẹ yọ ti yín kúrò. Ká máa fojú wọ̀n ọ́n ti ba oògùn ọ̀pọ̀ ajá jẹ́.

Tẹmọ́mítà, tíṣù funfun, fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì, ìwé kan àti bírò tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọdọ̀ mú lọ síbòmíì.

Ajá kejì tó lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kó tó kíló 25 sókè, kó wà láàárín ọdún 1 sí 8, kó lókun, kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n má sì tíì gbẹ̀jẹ̀ sí i lára rí. Ẹ ti bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Owó, kì í ṣe ti ọjọ́ kìíní nìkan. Ẹ máa ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ yìí ní àìmọye ìgbà. Ó sàn kẹ́ ẹ sọ fún dókítà níbẹ̀rẹ̀ pé iye báyìí ló wà lọ́wọ́ mi, kó lè mọ bó ṣe máa tò ó, ju kẹ́ ẹ ná gbogbo ẹ̀ sórí dríìpù lọ́jọ́ kan tán.

1. Ẹ yẹ ajá náà wò báyìí báyìí

Ẹ gbé ètè ẹ̀ sókè, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹran ìdí eyín ẹ̀. Ti ajá tára ẹ̀ le máa ń pọ́n róró bíi ahọ́n ọmọdé. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ kó funfun, kẹ́ ẹ yọwọ́, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ kó tó padà pọ́n. Ti Tanímọ̀la lálẹ́ ọjọ́ yẹn funfun bíi ẹ̀kọ tútù, àwọ̀ ọsàn díẹ̀ wà létí ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mi ò tiẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàárín ibi tí mo tẹ̀ àti ibi tí mi ò tẹ̀.

Ẹ tẹ tíṣù funfun sílẹ̀ níbi tó bá ti tọ̀. Tí tíṣù bá di àwọ̀ kóòkì tàbí tíì tó ki, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ lẹ̀ ń wò yẹn.

Ẹ ka èémí ẹ̀ nígbà tó bá sùn, bí ìhà ẹ̀ ṣe ń gbéra ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò yẹ kó kọjá 30. Ooru ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti tẹmọ́mítà bọ ìdí ẹ̀, yẹ kó wà láàárín 38.3 sí 39.2.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í: ajá tí ìdí eyín ẹ̀ dúdú látilẹ̀wá. Ẹ má fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, ẹ fa ìpéǹpéjú ẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ wo ẹran inú ẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti parí tí nọ́ńbà mẹ́ta bá ti wà nínú ìwé yín, èémí, ooru ara, àti aago tẹ́ ẹ kà á. Tí èémí bá ti kọjá 40 nígbà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, tàbí tí kò lè dìde, ẹ gbé e lọ lóru yẹn. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà, kó lè nà gbọọrọ.

2. Ẹ má fún un ní nǹkan kan ná

Ọwọ́ máa ń yá wa jù níbí, mo mọ̀ ọ́n, torí ojú ò lè gbé e kéèyàn máa wo ajá ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ yìí kì í ṣe àìtó áyọ́ọ̀nù, èyí tó pọ̀ jù nínú áyọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ò kúrò nínú ara, torí náà blood tonic àti omi ewé ugu ò lè dá a dúró. Wọ́n kàn ń jẹ àkókò tẹ́ ẹ ní ni. Epo pupa àti mílíìkì, tí a máa ń fi ṣe ẹ̀rọ̀ gbogbo májèlé, ò bá a mu rárá.

Ibuprofen, diclofenac, Felvin, paracetamol: rárá. Oògùn tí dókítà máa fún un, tó bá pàdé ibuprofen nínú ikùn ajá, á dá egbò sí i nínú, ó lè lu ikùn ẹ̀. Ẹ tiẹ̀ rí i pé ẹ sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá ti fún un kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má tijú.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí, kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ àti ìyá tó ń se oúnjẹ nínú ilé: ṣé ó jẹ ọbẹ̀ tí àlùbọ́sà pọ̀ nínú ẹ̀, ṣé ó jẹ aáyù, ṣé ó gbé káńfọ̀ tí wọ́n fi sínú àpótí aṣọ mì? Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá. Ìdáhùn yẹn lè yí ìtọ́jú padà pátápátá, àmọ́ ọ̀pọ̀ dókítà ò ní ráyè bi yín.

3. Tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ kankan

Ẹ ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́. Tí wọ́n bá ti gún un ní dexamethasone, oògùn tó ń so ọwọ́ àwọn sójà ara, tán kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ wò lè ti sá pamọ́.

Nǹkan mẹ́ta lẹ ń wá. Èkíní ni PCV. Ti ajá tára ẹ̀ le wà láàárín 37 sí 55, ti Tanímọ̀la jẹ́ 14. Tí wọ́n bá yí ọ̀pá gíláàsì tóóró yẹn tán, ẹ ní kí wọ́n fi omi tó lé sókè ẹ̀jẹ̀ hàn yín, tó bá pọ́n tàbí tó dà bí omi ọsàn, ẹ̀jẹ̀ ń fọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ó ń ṣẹ̀jẹ̀ síta.

Ìkejì ni pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dì mọ́ra. Dókítà wa kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán 1 sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó kán omi iyọ̀ inú dríìpù ẹ̀kán 4 sí i, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dáa á là sínú omi yẹn kúnná bíi sóbò. Ti Tanímọ̀la dì kóró-kóró bíi gàrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí, bí wọ́n ṣe ń mì ín ni kóró yẹn ń hàn sí i. Lẹ́yìn náà ó wò ó lábẹ́ maikirosikópù. Àwọ̀ àárín hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ajá máa ń ṣí díẹ̀, àmọ́ ti Tanímọ̀la kéré, wọ́n sì ki látòkè délẹ̀ bíi róbó.

Ìkẹta, ṣé kòkòrò àìsàn tí eégbọn ń kó wá wà níbẹ̀, Babesia tàbí Ehrlichia. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fo èyí. Oògùn tó ń so ọwọ́ àwọn sójà ara, tí wọ́n bá fún ajá tí Babesia wà lára ẹ̀ láìpa Babesia, ilẹ̀kùn lẹ ṣí fún olè yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú Babesia nìkan tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dì kóró-kóró, ajá lè kú kí oògùn Babesia tó ṣiṣẹ́ tán. Àìrí kòkòrò lójú gíláàsì ò sì sọ pé kò sí níbẹ̀, dókítà tó gbọ́n lè tọ́jú méjèèjì pọ̀.

Tí dókítà yín ò bá ní nǹkan wọ̀nyí, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká gbé e lọ ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn?" Dókítà tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí i.

4. Gbígba ẹ̀jẹ̀, tó bá pọndandan

Kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ló ń sọ ọ́. Ajá tí PCV ẹ̀ jẹ́ 16 àmọ́ tó ń rìn, tó ń jẹun, lè má nílò ẹ̀. Èyí tó ń mí helehele, tọ́kàn ẹ̀ ń sáré, tí kò lè gbórí, nílò ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ní wo àìsàn yẹn sàn, ó kàn máa dá ẹ̀mí ẹ̀ dúró kí oògùn tó ràn.

Ẹ̀jẹ̀ ajá ni o. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ò ṣe é gbà sí ajá lára láéláé. Baba kan ní Mọ̀rẹ̀ ló gbà kí ajá Boerboel ẹ̀ fún wa lẹ́jẹ̀, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Kíló 18 ni Tanímọ̀la, mílílítà 20 fún kíló kan, 360 ni wọ́n fún un. Tẹ́ ẹ bá fún ajá ní mílílítà 2 fún kíló kan, PCV ẹ̀ á gòkè bíi 1, torí náà 20 yẹ kó gbé e gòkè bíi 10. Ó dé 23, dókítà ní ó dáa.

Ẹ ní kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá méjèèjì pọ̀ wò ná bóyá wọ́n bára mu, pàápàá tí wọ́n bá ti gbẹ̀jẹ̀ sí i lára rí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa sọ̀. Ẹ jókòó tì í. Tó bá ń bì, tójú ẹ̀ wú, tó ń gbọ̀n, tára ẹ̀ gbóná sí i, ẹ ké kí wọ́n dá a dúró. Kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ kó tó tán.

Ó ti bọ́ sí i tí ìdí eyín ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí èémí ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà.

5. Oògùn

Prednisolone, oògùn tó ń so ọwọ́ àwọn sójà yẹn, ni òpó ilé. Iye tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 2 mg fún kíló kan lójúmọ́, ó lè dé 3 níbẹ̀rẹ̀. Tanímọ̀la, kíló 18, 36 mg, ìyẹn bíi hóró 7 tó jẹ́ 5 mg. Ẹni tó ń ta oògùn fún mi wò mí lójú, ó ní ó pọ̀ jù, ó ní 2 tó. Hóró 2 yẹn ni wọ́n ń fún ajá tí ara ń yún, kò lè mú àwọn sójà yìí. Ajá tó bá ju kíló 25 lọ ni ìṣirò ẹ̀ yàtọ̀, tiwọn máa ń kéré sí ti kíló lọ́nà kíló, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣírò ẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kẹ́ ẹ máa fún un.

Oògùn kejì ni ti kí ẹ̀jẹ̀ má dì nínú iṣan. Ìyẹn gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ á dì, á lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Clopidogrel 75 mg ni wọ́n kọ fún wa, ìlàjì hóró lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ alájá máa ń fò ó torí wọ́n rò pé ajá tí ò lẹ́jẹ̀ ò nílò nǹkan tó máa tú ẹ̀jẹ̀ ká. Ó nílò ẹ̀.

Tí Ehrlichia bá wà níbẹ̀, doxycycline fún ọjọ́ 28 láìdín kan, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi lẹ́yìn ẹ̀ torí ó máa ń jó ọ̀fun wọn. Ti Babesia, abẹ́rẹ́ imidocarb, wọ́n á gún un, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra abẹ́rẹ́ màlúù ní Sábó kẹ́ ẹ gún ajá fúnra yín. Diminazene, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ààlà tó wà láàárín iye tó ń wo ajá sàn àti iye tó ń ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́ kéré gan-an.

Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí PCV ṣì ń bọ́, dókítà lè fi azathioprine, mycophenolate tàbí cyclosporine kún un. Tó bá jẹ́ azathioprine, aboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀dọ̀ ajá wò. Ẹ má fún ológbò yín níbẹ̀ o, ó ń pa wọ́n.

6. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nílé

Ó máa mu omi bí ẹni pé ẹnì kan lé e, á máa tọ̀ káàkiri, ebi á máa pa á débi tó fi máa jalè nídìí ìkòkò. Prednisolone ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn ò tíì gorí àìsàn. Ẹ má fi omi dù ú láé.

Ẹ má jẹ́ kó sáré, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ bá a ṣeré. Láràárọ̀, ìdí eyín, èémí, àwọ̀ ìtọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. PCV ní ojoojúmọ́ títí tó fi máa dúró sójú kan, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀.

Tí ìgbẹ́ ẹ̀ bá dúdú bíi ọ̀dà, egbò ti wà nínú ikùn. Tó bá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í mí helehele lójijì tí ìdí eyín ẹ̀ ò sì funfun ju ti àná lọ, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà fún méjèèjì.

7. Dídín oògùn kù, ibi tí gbogbo wa ti ń ṣubú

Ajá tó dìde ò tíì gbádùn. Àwọn sójà yẹn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn so wọ́n lọ́wọ́ ni. Ìdí mìíràn tún wà tí ẹ ò fi lè dá prednisolone dúró lójijì: ara ajá fúnra ẹ̀ máa ń ṣe irú nǹkan yẹn, àmọ́ tó bá ti ń gbà á láti ìta fún ìgbà pípẹ́ kò ní ṣe é mọ́, tẹ́ ẹ bá kàn dá a dúró, ajá lè dákú, kó sì gbabẹ̀ lọ.

Òfin tí dókítà wa fún mi rèé. PCV gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọjá 30, kó sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà yẹn lẹ tó máa yọ bíi ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, PCV kọ́kọ́, tí kò bá bọ́, ẹ tún yọ díẹ̀. Báyìí ni ti Tanímọ̀la ṣe yẹ kó lọ: hóró 7, 5, 4, 3, 2½, 2, 1½, 1, lẹ́yìn náà 1 lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì-méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó parí. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yọ ọ́ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ó yẹ kó jẹ́ bíi oṣù mẹ́fà. Ìdí tó fi di mẹ́jọ ni pé ní oṣù kẹrin, nígbà tá a wà lórí 2½, mo lọ sí Àkúrẹ́, àbúrò mi gbàgbé oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Mo dé, mo gbé ètè ajá sókè, mo mọ̀. PCV tó ti di 38 ti já sí 29. Dókítà dá wa padà sórí 4. Kò bínú sí mi, ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un kà." Látìgbà yẹn, ẹni tó bá fún un lóògùn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀ síwájú ọjọ́ yẹn.

Ẹ má pa ìyọkúrò méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan torí owó tàbí torí ajá ti sanra. Ẹ má sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan fún un lásìkò yìí láìkọ́kọ́ bi dókítà.

Ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan ti bọ́ sí i tí PCV ọ̀sẹ̀ kẹta ò bá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, tí ìtọ̀ ṣì mọ́.

8. Eégbọn inú ilé

Eégbọn tẹ́ ẹ rí lára ajá, díẹ̀ ni nínú wọn. Abo ẹ̀ tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó á já bọ́, á lọ yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ojú ògiri tó là, abẹ́ páànù, ìdí ilé ajá. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ojú ibẹ̀, ẹ jó pákó tó ti jẹrà níbẹ̀, ẹ fún ajá ní oògùn eégbọn tó bá ìwọ̀n ẹ̀ mu déédéé, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀tapíapíà kì í ṣe oògùn ara ajá. Ẹ máa tú inú etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí.

Lẹ́yìn hóró tó kẹ́yìn, PCV lọ́sẹ̀ kejì, ní oṣù kan, ní oṣù mẹ́ta. Ti Tanímọ̀la tó kẹ́yìn jẹ́ 43. Àárọ̀ Sátidé ni mo ṣì máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí eyín ẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n, bó bá ti rí fóònù lọ́wọ́ mi á ti jókòó. Àìsàn yìí lè padà lẹ́yìn ọdún pàápàá, nítorí náà ọjọ́ tí tíṣù bá tún dúdú, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́, ẹ gbé ìwé yẹn dání kẹ́ ẹ máa lọ.